Ojú Kámẹ́rà Tó Fẹjú

Kí àbúrò bàbá mi, tí wọ́n jẹ́ ayàwòrán ní àdúgbò Kennedy, tó gbé kámẹ́rà wọn sínú àpótí tí omi kì í wọ̀, kí wọ́n sì mòòkùn lọ ya ẹja, wọ́n á kọ́kọ́ ri apá bọ odò dé ìgúnpá. Bí wọn ò bá rí ìka wọn, a ó pa dà sílé.

Oníṣòwò kan gbé ojú kámẹ́rà méjì wá fún wọn láti Abidjan. Ó ní, "Èyí tó gùn yìí á fa ẹja súnmọ́ yín."

"Ìdọ̀tí omi ló máa fà súnmọ́ mi. Èyí tó fẹjú ni kó o fún mi, kí n lè súnmọ́ ẹja fúnra mi."

Ní kọ́rídọ̀ ọ̀nà Botro, níbi tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ tó gba ìlú wa lásìkò ogun ti ń dá ọkọ̀ dúró, tí wọ́n ń tú ẹrù wò, ọ̀gá wọn yọ ojú kámẹ́rà náà nínú àpò àbúrò bàbá mi. Ó fi orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀ pè wọ́n: "Anago, ta lò ń ṣe amí fún?"

"Ẹja ni mò ń yà, ọ̀gá."

Ó fi ìdí ìbọn fọ́ ojú kámẹ́rà náà níṣojú wa.

Lẹ́yìn oṣù kan, ọkùnrin yẹn wá ya fọ́tò ní ṣọ́ọ̀bù wa. Mo ní kí àbúrò bàbá mi lé e jáde. Wọ́n ní kí n panu mọ́. Wọ́n gbé àga fún un, wọ́n tún ọrùn aṣọ rẹ̀ ṣe.

Ìwà ọlọ̀tẹ̀ yẹn ṣì ń bí mi nínú. Ṣùgbọ́n èyí tó ń bí mi nínú jù ni pé àbúrò bàbá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sẹ́yìn kámẹ́rà, wọ́n ní, "Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀, ọ̀gá."