Òkè Ni Mo Ń Dúró Dè

Ọjọ́ tí mo lọ dán fèrè wò lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ olórin tó ń ṣeré ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Dassa, díẹ̀ ló kù kí n fi tìròǹpẹ́ẹ̀tì mi fọ́ ẹnì kan lórí. Àyè kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Èmi sì ti sọ fún gbogbo àwọn tí mò ń fi zém gbé lọ ọjà pé kí wọ́n lọ wá alùpùpù ẹlòmíì gùn. Ẹnu mi ti ṣáájú mi.

Kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní jáàsì. Fóònù ni. Màá mú sóló kan, ìyẹn ibi tí ẹnì kan ti ń dá fọn ohun tó bá wá sí i lọ́kàn, màá gbọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, màá kọ ọ́ sínú kàyé, ìwé àjákọ mi: do, ré, mi, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ní kọráàlì ṣọ́ọ̀ṣì wa. Sóló kan péré gbà mí lóṣù mẹ́ta. Màmá mi, tó ń yan gààrí níwájú ilé, ní, "Pọ́ọ̀lù, ṣé ara fèrè yẹn ò yá ni?"

Inú bí mi, mo gbé e gun orí òkè.

Lórí òkè yẹn, tí mo bá fọn gbólóhùn kan, àpáta á dá a padà fún mi. Ó dùn o! Mo wá ń dúró kó parí kí n tó fọn òmíì. Bí mo ṣe há gbogbo ẹ̀ sórí nìyẹn, tìdúró-tìdúró.

Níwájú ẹgbẹ́, mo fọn gbólóhùn àkọ́kọ́. Mo dúró. Mo fọn ìkejì. Mo dúró.

Sẹ́ẹ̀fù, olórí ẹgbẹ́, bàbá tó ń ta gìtá, dáwọ́ dúró. "Àbúrò, ta lò ń retí?"

"Òkè ni, Sẹ́ẹ̀fù."

"Òkè báwo?"

"Òun ló máa ń dá mi lóhùn."

Onílù rẹ́rìn-ín títí igi ìlù fi bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. "Ẹ ránṣẹ́ pè é kó tètè máa bọ̀!"

Orí mi gbóná. Mo tún un bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi ìdúró àkọ́kọ́, mo fi fèrè bú onílù yẹn. Ní ìkejì, mo bú Sẹ́ẹ̀fù. Ní ìkẹta, mo bú ara mi tó lọ fi zém sílẹ̀. Onílù náà ò gbà fún mi, ó ń fi ìlù dá èébú padà!

Nígbà tá a ṣe tán, òógùn bò mí. Sẹ́ẹ̀fù tọ́ka sí kàyé tó wà nílẹ̀ níwájú mi.

"Èyí tó o fọn sáàárín yẹn, inú kàyé wo ló wà?"

"Kò sí nínú kàyé kankan, Sẹ́ẹ̀fù. Inú ló ń bí mi."

"Máa bọ̀ ní Sátidé. Kó o bínú wá o."

Ó ti lé lọ́dún kan báyìí tí mo ti ń bá wọn ṣe é. Àwọn kan ń sọ pé kí n yéé kọ sóló olórin mìíì sílẹ̀, pé mo ti mọ̀ ọ́n fọn. Ẹ gbọ́ ìsọkúsọ! Tó ò bá gbọ́ ohun tí ẹnì kan sọ délẹ̀, báwo lo ṣe fẹ́ bá a jà?