Ìkúnlẹ̀ Màmá Nílé Òdòdó

Ojú ṣì ń tì mí, bẹ́ẹ̀ èmi kọ́ ni mo ṣẹ̀. Mo ń kọ ọ́ kí ayé lè mọ ẹni tó ṣẹ̀ gan-an.

Nínú ilé onígíláàsì kan ní Dagenham ni èmi àti ìyá àgbà kan láti ìjọ wa ti ń tọ́jú òdòdó ọ́kíìdì. Iṣẹ́ yìí nìkan ni Màmá ní. Òdòdó náà kò fẹ́ omi tútù rárá. Bí a bá bu omi ẹ̀rọ ìgbà òtútù lé gbòǹgbò rẹ̀, ewé á lé àpá, òdòdó tí kò tíì là á sì máa já bọ́. Ìdí nìyẹn tí a fi ní táńkì kan tí ẹ̀rọ ń mú omi inú rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ kan nígbà òtútù, ọ̀gá wa tó jẹ́ òyìnbó pa ẹ̀rọ náà láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Màmá wọ ìbọ̀wọ́ wọn tó nípọn, tí kò jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé omi ti tutù, wọ́n sì bu omi táńkì rin gbogbo òdòdó. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ilẹ̀ ti kún fún òdòdó tó já.

"Ta ló ba ọjà mi jẹ́?" Ọ̀gá kò ju àbígbẹ̀yìn Màmá lọ.

Kí n tó lanu, Màmá ti kúnlẹ̀ sórí kọnkéré tó rin gbingbin. "Sọ́rì, sà. Sọ́rì."

Mo fà wọ́n lápá. "Màmá, ẹ dìde. Ẹ ò ṣe nǹkan kan."

"Fi mí sílẹ̀ jàre. Ẹni tó bá bẹ̀, ṣé ẹnu rẹ̀ á bó ni?"

Nílé wa, ẹ̀bẹ̀ la kọ́kọ́ fi ń pa ìbínú. Ẹjọ́ á wá tẹ̀ lé e.

Mo yíjú sí ọ̀gá. "Ẹnì kan ti pa ẹ̀rọ táńkì. Ọwọ́ yín nìkan ni kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù ẹ̀rọ náà wà. Ẹ ki ọwọ́ bọ omi náà."

Kò wo táńkì. Màmá ló ń wò. "Bí kò bá jẹ̀bi, kí ló ń kúnlẹ̀ fún? Ó ti jẹ́wọ́."

Mo ṣàlàyé àṣà wa títí. Gbogbo ìwé tí mo kà kò ràn mí lọ́wọ́. Ó ní kí Màmá máa lọ. Kí wọ́n tó wọ kóòtù wọn tán, ó ti ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó ti tan ẹ̀rọ náà padà, iná pupa rẹ̀ sì ti tàn. Ó mọ̀.

Mo tẹ̀ lé Màmá wọ bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Barking. Orúnkún ṣòkòtò wọn ṣì rin; wọ́n fi báàgì bò ó. Nígbà tí a fẹ́ dé ọjà, wọ́n bi mí jẹ́jẹ́:

"Àbí ẹ̀bẹ̀ mi ni ò tó?"

Mo yíjú sí fèrèsé.