Màmá Virtue àti Omi Àdúrà

Bí ẹ bá dé Sabon Gari, tí ẹ ń béèrè Ọmọ́ládé, ẹ lè wá a títí. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè Màmá Virtue tó ń dán omi wò, kíá ni wọ́n á mú yín dé ìsọ̀ bọ́tìnnì àti òwú rẹ̀. Àwọn Hausa tó ń fi ọmọlanke ta omi pàápàá mọ̀ ọ́n: "Mama mai gwajin ruwa" ni wọ́n ń pè é, ìyẹn màmá tó ń dán omi wò. Kò sẹ́ni tó ń sanwó fún un. Ẹgbẹ́ kan ló kọ́ ọ níṣẹ́ náà, wọ́n sì kó ìgò kéékèèké tó ní oògùn nínú fún un. Yóò bu omi kànga sí i, yóò gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí omi ọ̀hún bá dúdú, ìgbẹ́ ti kàn án nìyẹn. Ó ti ṣe é dé Railway Quarters, ó ti ṣe é dé Brigade, kò sì sẹ́ni tó bá a jà.

Àfìgbà tó kan kànga ṣọ́ọ̀ṣì tirẹ̀. Ibẹ̀ ni ìjọ Àládùúrà wọn ti ń fa omi tí Wòlíì Gbádégẹṣin ń gbàdúrà sí kí wọ́n tó mu ún. Màmá Virtue bu díẹ̀ lọ sílé. Lọ́jọ́ kejì, ìgò ti dúdú bí èédú.

Ta ni yóò sọ pé omi àdúrà dọ̀tí, tí wọn ò ní sọ pé kò nígbàgbọ́? Virtue ọmọ rẹ̀ ní kó panu mọ́.

"Mama, dem go pursue you comot for church."

Ìjọ náà ló ṣèrìbọmi fún Màmá Virtue, ibẹ̀ ni wọ́n ti so òun àti ọkọ rẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n inú ń run àwọn ọmọdé ibẹ̀ ṣáá. Òtítọ́ korò lóòótọ́, àmọ́ èmi ò tíì rí ẹni tí omi ìgbẹ́ dùn lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé ìgò lọ bá wòlíì, ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, àdúrà yín ò lábùkù. Ṣáláńgá wa ló sún mọ́ kànga jù."

Wòlíì wo ìgò náà títí, ó ní kó máa lọ. Obìnrin náà sunkún délé.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n bá àgádágodo lẹ́nu kànga. Àwọn èèyàn gbé omi láti ibòmíràn wá síwájú pẹpẹ. Wòlíì gbọ́wọ́ sókè láti gbàdúrà sí i, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀, ó ń fojú wá ẹnì kan lẹ́yìn ìjọ.

"Màmá Virtue, ṣé ẹ ti wo eléyìí? Bí ẹ ò bá tíì wò ó, mi ò ní gbàdúrà sí i."

Ó dìde, orí rẹ̀ wú, ó gba àárín gbogbo wọn kọjá lọ bu omi náà sínú ìgò. Ọjọ́ kejì ni èsì yóò tó jáde. Gbogbo ìjọ gbà láti dúró dè é.