Bọ́ọ̀lù Tí Kò Gbọdọ̀ Kan Ilẹ̀

Òórùn iṣu gbodo tó ń gbẹ lórí àpáta máa ń kan díẹ̀, ó sì máa ń dùn díẹ̀. Òun ni òórùn básíkẹ́ẹ̀tì fún mi títí di òní.

Nígbà tí òmìnira Dahomey ṣì jẹ́ tuntun, mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Ìdáàṣà. Pápá kan ṣoṣo tí a ní, àwọn tó ń fẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù ló ni ín. Àwa oníbásíkẹ́ẹ̀tì mẹ́jọ, tí à ń fọwọ́ ju bọ́ọ̀lù sínú irin róbótó lókè òpó, orí àpáta pẹlẹbẹ kan ní ìsàlẹ̀ òkè, lẹ́yìn ilé-ìwé, la ti ń ṣeré. Alágbẹ̀dẹ fi etí àgbá epo rọ irin méjèèjì fún wa, a sì fi òpó wọn há sínú ibi tí àpáta ti sán. Mo fi okùn wọ̀n wọ́n fúnra mi. Ọ̀kan ga ní mítà mẹ́ta àti sẹ̀ntímítà márùn-ún, bí òfin ṣe wí. Ìkejì fi ìka mẹ́ta kúrú jù ú lọ. Mo mọ òfin eré náà ju ẹni tó ṣe é lọ, tàbí kí n sọ pé bẹ́ẹ̀ ni mo rò. Inú ìwé ìròyìn ilẹ̀ Faransé tí Alájì kan fi ń di ṣúgà lọ́jà ni mo ti kọ́ ọ. Mo máa ń bẹ̀ ẹ́ kó fi ojú ewé eré ìdárayá di tèmi.

Àmọ́ àpáta náà ní olówó orí. Àwọn ìyá tó ń gbé nítòsí ti ń sá gbodo síbẹ̀ kí ilé-ìwé tó dé. Ìyá àgbà tó jẹ́ olórí wọn fún wa láyè, ó sì là á fún wa: “Ẹ̀yin ọmọ, ẹ máa ṣeré yín láàárín iṣu wa. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù tó bá bọ́ lé e, tiwa ni títí a ó fi kó gbodo nílẹ̀.” Kò ṣàwàdà. Bí bọ́ọ̀lù bá ti bọ́, á jókòó lé e bí àpótí, á sì máa bẹ iṣu rẹ̀ lọ.

Bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo la ní, nítorí náà a kì í gbá a mọ́lẹ̀. Láti ọwọ́ dé ọwọ́ ló ń lọ, bí ọmọ tuntun níbi ìkómọ. Èyí ń bí mi nínú. Mo máa ń ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni tó bá dúró pé gbígbá bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ ni ìpìlẹ̀ eré yìí, pé gbodo ló ń ba tiwa jẹ́. Balógun ẹgbẹ́ wa, ọmọ àgbẹ̀ láti Akofodjoulè, tó ga bí ọ̀pẹ, á kàn ní, “Ọ̀jọ̀gbọ́n, gba bọ́ọ̀lù.”

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, gbogbo eré tí a lọ ṣe lẹ́yìn odi la pàdánù. Nígbà tó ku ẹyọ kan, ní Ṣábẹ̀, dìrẹ́tọ̀, ọ̀gá ilé-ìwé wa, pè wá.

“Mi ò lè máa kó yín kiri kí ẹ máa lọ gba ìyà wálé,” ó ní. “Bí ẹ bá tún pàdánù, bọ́ọ̀lù yín á wọ àpótí, ó parí.”

Balógun nìkan ló dáhùn. “A gbọ́, Músíyé.”

A bá ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lọ kó iṣu dé Glazoué, a wọ òmíràn dé Ṣábẹ̀. Inú mi dùn nígbà tí mo rí pápá wọn: erùpẹ̀ tí wọ́n lù tó le, tó tẹ́jú, ẹfun funfun ló sàmì sí etí rẹ̀, kò sí ègé iṣu kan níbẹ̀. Gbogbo wa ló yọ̀, ìyẹn ló sì kó bá wa. Bí ewúrẹ́ tó já okùn, olúkúlùkù bẹ̀rẹ̀ sí í gbá bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀, àwọn ọmọ Ṣábẹ̀ tó mọ̀ ọ́n ṣe sì ń já a gbà lọ́wọ́ wa. Ẹnì kan ké láti ẹ̀gbẹ́ pápá pé, “Ẹ̀yin ará òkè, ilẹ̀ pẹrẹsẹ nìyí o. Ẹ rọra, kó má gbé yín ṣubú.” Nígbà ìsinmi, àmì mẹ́tàdínlógún ni wọ́n ní, a ní mẹ́jọ.

Òjò àkọ́rọ̀ sì dé. Kò pẹ́, ṣùgbọ́n ó wúwo. Nígbà tó dá, rẹferí ju bọ́ọ̀lù sílẹ̀ láti wò ó. Bọ́ọ̀lù kò ta sókè, ó kàn dúró sínú ẹrẹ̀ bí òkèlè. Rẹferí ní a ó parí rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Balógun yíjú sí mi. “Ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣé òfin ní dandan ni ká gbá a mọ́lẹ̀?”

Mo ronú la gbogbo ìwé ṣúgà mi já. “Rárá o. Bí a bá ṣáà ti lè fún ara wa.”

“Ó dáa. Gbodo ìyá àgbà ló kún ilẹ̀ yìí. Ẹni tó bá jẹ́ kí bọ́ọ̀lù bọ́, òun ló máa lọ bá a sọ ọ́.”

“Kì í ṣe èmi,” ni ẹni tó kéré jù nínú wa wí, a sì rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọwọ́ ń rí ọwọ́. Àwọn ọmọ Ṣábẹ̀ ń wá ibi tí bọ́ọ̀lù á ti kan ilẹ̀ kí wọ́n lè já a gbà, kò kan ibì kankan. Mo gbọ́ tí ọ̀kan nínú wọn ń bi ẹnì kejì rẹ̀ pé, “Ṣé àwọn wọ̀nyí ò ní ilẹ̀ nílé wọn ni?” Nígbà tí eré fẹ́ parí, wọ́n ní méjìdínlọ́gbọ̀n, a ní mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Bọ́ọ̀lù kúrò lọ́wọ́ mi, ó dé ọwọ́ ẹni tó kéré jù, ó dé ọwọ́ balógun lábẹ́ irin. Balógun nawọ́, ó sì rọra gbé e wọlé bí ẹni gbé ẹyin sínú apẹ̀rẹ̀. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n.

Àwọn àgbà ní bí iṣu ẹni bá ta, ọwọ́ là á fi bò ó jẹ. Àwa kò bo tiwa rárá. Orin la kọ la ọjà Glazoué kọjá, àwọn oníṣu sì rò pé ìyàwó là ń gbé lọ. Dìrẹ́tọ̀ wo ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ wa, ó ní ká lọ wẹ̀. A ti ń lọ kó tó sọ lẹ́yìn wa pé, “Ẹ má gbàgbé láti fẹ́ atẹ́gùn sínú bọ́ọ̀lù yín kí ọdún tó ń bọ̀ tó dé.”

Ẹgbẹ́ wa kò lókìkí. Ọdún méjì péré ló tún lò. Balógun jáde, ó padà sóko, dìrẹ́tọ̀ mìíràn dé, ó sì parí. Mo ti wo eré púpọ̀ láti ìgbà náà, mo sì ṣì máa ń wọn gíga irin níbikíbi tí wọ́n bá ti gbà mí láyè. Àwọn ọmọ-ọmọ mi a máa bi mí pé ife wo la gbà bọ̀ láti Ṣábẹ̀. Kò sí ife. Ọdún méjì la gbà bọ̀, tí àwa mẹ́jọ fi mọ ibi tí ọwọ́ ara wa wà láì pe ara wa. Nígbà náà, mo rò pé ó kéré.