Ìpín Erin Lóko Ìyá Àgbà

Erin kan fọn ní ọgbà ẹranko tí àwọn ọmọ-ọmọ mi mú mi lọ, gbogbo wọn sì sá sẹ́yìn. Èmi ò sá. Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí, mo ti mọ ohùn yẹn kí wọ́n tó bí ìyá yín.

Kí òyìnbó tó gbé ìjọba sílẹ̀ ni, lẹ́bàá ìlú Afo, níbi tí Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, ń dáko sí. Ìlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó kángun sí igbó, a kì í gé e jẹ. Ìpín erin ni. Tí ọyẹ́ bá dé, tí ẹyẹ àgbìgbò bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo lórí ìrókò, Ìyá Àgbà á ní, "Àlejò ti dé," gbogbo wa á kúnlẹ̀. Ẹ̀rù á bà mí débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ̀ sára, ṣùgbọ́n ta ló tó dìde ṣáájú Ìyá Àgbà? Erin á jẹ ìpín rẹ̀, kò ní fọwọ́ kan iṣu wa.

Lọ́dún kan, aṣọ́gbó kan dé tòun ti fìlà ìjọba, ó ní ká kó kúrò, pé ìjọba ti gba ilẹ̀ náà. Ìyá Àgbà nawọ́ sí ìdí igi obì tí wọ́n sin Bàbá Àgbà sí. "Ọkọ mi nìyẹn. Ṣé òun náà á kẹ́rù ni?"

Aṣọ́gbó ṣì ń jágbe mọ́ wa nígbà tí àgbìgbò figbe ta. Erin yọ, a kúnlẹ̀. "Ẹ kú ìrìn o, Bàbá. Ìpín yín rèé." Ìgbà tí a máa gbórí sókè, aṣọ́gbó ti di àwátì, fìlà rẹ̀ nìkan ló kù nílẹ̀. Nígbà tó dé Afo, ó ní òun kàn rí nǹkan fìrí ni. Ni àwọn ará ìlú bá bú sẹ́rìn-ín: "Bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin!"

Ìyá Àgbà gbé fìlà náà kọ́ sẹ́nu ọ̀nà abà. Ẹnikẹ́ni tó bá tún ní kó kúrò, fìlà yẹn ló máa ń fi hàn án. Oko náà ló kú sí, ẹ̀gbẹ́ ọkọ rẹ̀ la sì sin ín sí.

Wọ́n ti la ìrókò yẹn ní pákó báyìí. Erin ò wọ́pọ̀ níbẹ̀ mọ́. Ó ń bí mi nínú, n ò ní purọ́.

Ní ọgbà ẹranko lọ́jọ́ náà, mo kúnlẹ̀ sínú eruku lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà. Ojú ti àwọn ọmọ-ọmọ mi.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, wọ́n ń wò yín!"

Kí wọ́n máa wò. Mo fa ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí mo rà lójú ọ̀nà yọ, mo jù ú kọjá wáyà. "Ìpín yín rèé, Bàbá." Ọmọkùnrin tó ń ṣọ́ ọgbà sáré wá, ó ń pariwo pé òfin ò gbà á. Mo wo fìlà ìjọba tó dé.

"Rọra, ọmọ mi," mo ní. "Di fìlà rẹ mú."