Mọ́tò tí Kì í Kọjá Aṣèjíire

Òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rọ̀ dáadáa, tí wọ́n ń dín nínú epo pupa pẹ̀lú ata, ló máa ń kọ́kọ́ kí èèyàn káàbọ̀ sí ilé géèmù tí mo ń bójú tó ní Ìkirè nígbà náà. Àwọn ìyá tó ń ta dòdò jókòó sí etí títì níwájú wa, èéfín iná wọn á gba ojú fèrèsé wọlé, á pàdé èéfín jẹnẹrétọ̀, àwọn méjèèjì á sì bá wa jókòó bí oníbàárà. Mo ti parí ẹ̀kọ́ mi ní poli, mo ń retí ìgbà tí wọ́n máa pè mí fún iṣẹ́ àgùnbánirọ̀. Ọ̀gá tó ni ibẹ̀ wá ní dípò kí n máa jókòó lásán nílé, kí n máa bá òun ṣí i láàárọ̀, kí n sì máa bá òun tì í. Tẹlifíṣọ̀n mélòó kan, àga onígi gígùn, páàdì tí wọ́n fi ń gbá géèmù, tí a ti fi sẹlotéèpù wé lọ́tùn-ún lósì, gbogbo ẹrù wa nìyẹn. Bọ́ọ̀lù ni gbogbo èèyàn ń gbá. Ìwọ náà mọ bí irú ibẹ̀ ṣe máa ń rí: ariwo, ẹ̀fẹ̀, àti ẹni tí wọ́n na ní ànà-bolẹ̀ tó ń búra pé páàdì òun ni kò dáa.

Ọ̀gá mi ló fa géèmù kan wálẹ̀ látorí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ kan tí dátà ṣẹ́kù sọ́wọ́ rẹ̀. Géèmù náà ṣàjèjì sí wa. Kò ní ìdíje kan tó jẹ́ tirẹ̀. Ohun èlò ló kún inú rẹ̀: ilé, igi, mọ́tò, odò, àwọn èèyàn kéékèèké, oríṣiríṣi ìró. Ìwọ fúnra rẹ lo máa tò wọ́n pọ̀, wàá sọ ohun tí ẹni tó ń gbá a gbọ́dọ̀ ṣe kó tó lè borí, géèmù kékeré kan tí kì í pẹ́ parí á sì jáde níbẹ̀. Tó o bá ṣe é tán, wàá tari rẹ̀ síta, ẹnikẹ́ni tó bá ní irú rẹ̀ níbikíbi láyé á lè gbá èyí tó o ṣe. Àwọn oníbàárà wa ò rí tirẹ̀ rò. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa gbé bọ́ọ̀lù sí i jàre," ni wọ́n máa ń sọ. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe sọ ọ́ di tèmi, pàápàá láàárọ̀ tí àwọn ọmọ ilé ìwé ò tíì dé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo kàn tẹ orúkọ ìlú wa sí ibi tí wọ́n ti ń wá nǹkan. Mi ò retí kí nǹkan kan jáde, àmọ́ ẹyọ kan jáde. "Dé Ilé" ni ẹni tó ṣe é pè é, ó sì pe ara rẹ̀ ní Ọmọ Ìyá Àgbà. Mọ́tò kékeré kan lo máa wà lójú ọ̀nà gígùn. Wàá yẹ kòtò, wàá yẹ màlúù, wàá yẹ tírélà, oòrùn á máa rìn lọ lókè, o sì gbọ́dọ̀ dé ilé kan lópin ọ̀nà kí oòrùn tó kan òrùlé rẹ̀. Ilé yẹn ni mo rí tí ọwọ́ mi fi dúró lórí páàdì. Ilẹ̀kùn búlúù wà lára rẹ̀, bùùtà aláwọ̀ ewé kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn, igi gúáfà kan sì tẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri ilé ìwẹ̀ bí arúgbó tó ń sinmi. Ilé onípáànù pọ̀ ní Ìkirè, mo mọ̀. Àmọ́ igi gúáfà tó fẹ̀yìn ti ilé ìwẹ̀, tí ìyá àgbà kan kọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gé, ẹyọ kan ṣoṣo ni mo mọ̀. Ilé ìyá bàbá mi ni.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé fún ọ. Ìyá Àgbà ló tọ́ èmi àti ọmọ àbúrò bàbá mi dàgbà. Ọmọbìnrin ni, ọjọ́ orí wa ò jìnnà síra, abọ́ kan náà la ti jọ ń jẹun. Bàbá rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Àpòmù torí pé ibẹ̀ ló kọ́lé sí, máa ń kó obì lọ sí Kánò. Kánò ló wà nígbà tí àìsàn Ìyá Àgbà le. Ó gbéra kíá, àmọ́ ìyá ti dákẹ́ kó tó délé. Ó fi fóònù bẹ bàbá mi pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n dúró de òun. Ìlọrin ló wà nígbà yẹn. Àwọn àáfà ní sísin òkú kì í dúró de ẹnikẹ́ni, bàbá mi sì gbà fún wọn. Bí Bàbá Àpòmù ṣe dé ní ìrọ̀lẹ́, orí erùpẹ̀ tútù ló bá wa. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti ṣe tiyín," ó sì padà sínú mọ́tò. Látìgbà náà, wọn ò dárúkọ rẹ̀ mọ́ nílé wa. Ìkirè sí Àpòmù kò jìnnà, ọ̀kadà ò ní tíì gbóná kó tó débẹ̀, síbẹ̀ ó dà bí ẹni pé òkun wà láàárín wa.

Mo gbá géèmù náà. Mo yẹ gbogbo kòtò, oòrùn ṣì wà lókè dáadáa nígbà tí mo dé orí afárá kan tí omi fẹ̀ lọ rẹrẹ lábẹ́ rẹ̀. Mọ́tò dúró. Mo tẹ gbogbo ohun tó ṣeé tẹ̀, kò mira. Oòrùn wá rìn lọ fúnra rẹ̀, ó kan òrùlé, ilẹ̀kùn búlúù náà tì, ọ̀rọ̀ kan sì jáde: "Wọ́n ti sin Màmá." Mo tún un gbá lóríṣiríṣi ọ̀nà, orí afárá náà ló ń parí sí. Ẹnì kan láti ilẹ̀ òkèèrè ti kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé géèmù yìí ti bà jẹ́, pé kò ṣeé borí. Èmi mọ̀ pé kò bà jẹ́. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Ìbàdàn wá sílé wa mọ afárá yẹn. Aṣèjíire ni. Ohun tí kò yé mi ni ìdí tí mọ́tò fi dúró síbẹ̀, torí Ìlọrin la mọ̀ pé Bàbá Àpòmù wà nígbà tí wọ́n ń sin ìyá.

Mo ti ilé géèmù ní ọ̀sán, mo gun ọ̀kadà lọ sí Àpòmù. Mo bá ọmọ Bàbá Àpòmù, tí a jọ dàgbà, nínú ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀, ó ń gé aṣọ. Nígbà tó rí mi, kò kí mi, kò sì lé mi.

"Ìwọ lo ṣe é," mo ní.

"Kí ni?"

"Mọ́tò tí kì í kọjá Aṣèjíire."

Ó gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí kí ẹnì kan nílé yín rí i. Ẹ̀rọ géèmù tí ẹ̀gbọ́n mi gbé wá láti Èkó ni mo fi ṣe é. Mo mọ̀ pé ilé géèmù lo wà."

Ó wá ṣàlàyé. Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti ń kàwé nígbà náà, ibẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ti gbé e, wọ́n jọ wà nínú mọ́tò. Bí wọ́n ṣe dé Aṣèjíire, tírélà kan ti wó dínà lórí afárá. Bàbá rẹ̀ ní òun á fẹsẹ̀ sọdá, òun á wá ọ̀kadà lódìkejì, àmọ́ kí òun kọ́kọ́ sọ fún ẹ̀gbọ́n òun pé òun ti dé tán. Ó pe fóònù bàbá mi, ó ń dún. Ó tún un pè, ó ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Ibi tó ti ń pè é ni aládùúgbò wa kan ti pe tirẹ̀ wọlé, tó ní kó mọ́kàn le, pé wọ́n ti sin ìyá. "Bàbá mi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ afárá yẹn," ó ní. "Wọ́n ṣí ọ̀nà, àwọn mọ́tò ń lọ, ó ní kí la tún ń sáré fún. Ó gbà pé bàbá yín rí ìpè òun, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ láti gbé e."

Èmi ò lè sọ èyí fún bàbá mi. Nílé wa, tí o bá dárúkọ Àpòmù, wọ́n á dìde kúrò nídìí oúnjẹ. Ohun tí mo ṣe ni pé mo bẹ̀ wọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kejì pé kí wọ́n wá wo ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n jókòó sórí àga onígi, wọ́n gbá fìlà wọn mú sí orókun. Mo fi páàdì lé wọn lọ́wọ́, mo fi bí wọ́n ṣe ń wà á hàn wọ́n. Wọ́n kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín. Ìka wọn tóbi ju àwọn bọ́tìnnì náà lọ, wọ́n kọlu màlúù, wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Ẹ̀rín náà dáwọ́ dúró nígbà tí wọ́n rí igi gúáfà.

"Ta ló ya ilé wa síbí?"

"Ẹ máa wà á lọ, Bàbá."

Wọ́n dé orí afárá. Mọ́tò dúró. "Kí ló dé tí kò lọ mọ́?"

"Ibi tó máa ń dúró sí nìyẹn. Aṣèjíire ni. Àbúrò yín àti ọmọ rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pè yín lọ́jọ́ yẹn."

Wọ́n ń wo bí oòrùn ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ títí ọ̀rọ̀ yẹn fi jáde, wọ́n kà á. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Mo rí ìpè yẹn nígbà tí a délé. Mo rò pé Ìlọrin ló ṣì wà, pé ẹ̀bẹ̀ ló tún fẹ́ bẹ̀ mí." Wọ́n dé fìlà wọn. "Pe ọ̀kadà."

Bàbá Àpòmù ń ṣa obì níwájú ilé rẹ̀ nígbà tí a dé. Ó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ara rẹ̀ sì ti ń lọ sílẹ̀ láti dọ̀bálẹ̀ kó tó rántí pé òun ń bínú. Ó dúró ní ìdajì, ọwọ́ kan nílẹ̀.

"Aṣèjíire lo wà?" bàbá mi ní.

"Ẹ rí ìpè mi. Ẹ ò gbé e."

"Inú àpò agbádá ló wà. Mo bọ́ agbádá kọ́ sára ìṣó ní yàrá, mo wà níbi ìsìnkú láti ìgbà tí wọ́n ti ń gbẹ́lẹ̀. Ká ní mo mọ̀ pé o ti dé Aṣèjíire, mi ò bá jókòó sórí erùpẹ̀ yẹn, kí wọ́n wá gbé mi kúrò níbẹ̀."

Bàbá Àpòmù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín obì rẹ̀. Mo rò pé ó máa bú wọn, tàbí kó ní òun ti dárí jì wọ́n. Kò sọ ìkankan níbẹ̀. Ó ní, "Ẹ sọ bí ojú Màmá ṣe rí fún mi."

Bàbá mi náà jókòó tì í nílẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́. Wọ́n ní ojú ìyá mọ́, ó dà bí ojú ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kan tó dùn mọ́ ọn. Wọ́n sọ ẹni tó wẹ ìyá, wọ́n sọ ẹni tó ṣíwájú ìrun òkú. Wọ́n ní láàárọ̀ ọjọ́ náà, ìyá béèrè bóyá ọmọ òun ti kúrò ní Kánò. "Mo ní o ti wà lọ́nà. Wọ́n ní ó dáa, pé kí n bu omi fún àwọn. Wọ́n mu díẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn tó kẹ́yìn nìyẹn." Ibẹ̀ ni Bàbá Àpòmù ti sunkún, ẹkún tí mi ò rí irú rẹ̀ lójú àgbàlagbà rí. Èmi àti ọmọ rẹ̀ bọ́ sẹ́yìn ilé, a fi wọ́n sílẹ̀.

Mi ò ní purọ́ fún ọ pé gbogbo nǹkan tò lọ́jọ́ náà. Ọdún Iléyá méjì ló kọjá kí Bàbá Àpòmù tó tún sùn ní Ìkirè, ọ̀rọ̀ àwọn àáfà ṣì máa ń bí i nínú dòní. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ béèrè bóyá kí òun tún géèmù náà ṣe, kí mọ́tò lè kọjá, ó ní kó fi í sílẹ̀, pé bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Ní tèmi, ohun tí mo mú kúrò níbẹ̀ kéré, àmọ́ ó dúró tì mí. Gbogbo wa gbà pé ìsìnkú ni Bàbá Àpòmù ń bínú lé lórí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti wá bẹ̀ ẹ́, wọ́n ti fi ẹ̀sìn ṣàlàyé fún un, wọ́n ti ní kó gbàgbé. Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wa tó jókòó tì í, kó sọ bí ọjọ́ náà ṣe lọ fún un. Nígbà tí ìyàwó mi bí àkọ́bí wa, tí ìyá rẹ̀ ò lè dé torí ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n, mo wá ibi tó dákẹ́ jókòó sí, mo sì fi fóònù pè wọ́n. Mo bẹ̀rẹ̀ látìgbà tí ọmọ wọn jí láàárọ̀ tó ní ẹ̀yìn ń ro òun, mi ò sì fo ohunkóhun. Wọ́n ń ní, "Ẹn-ẹ́n, lẹ́yìn náà ńkọ́?" èmi náà ń sọ ọ́ lọ, títí tí mo fi dé orí igbe tí ọmọ náà kọ́kọ́ ké.