Alápàńdẹ̀dẹ̀ Ẹnu Ọ̀nà Ìyá Rìsí

Òórùn ọ̀dà ló jí mi lówùúrọ̀ yìí. Lańdílọ́ọ̀dù wa ní Àgùdà ń kun ilé, inú àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbé òkè wa sì ń dùn pé ilé ń dán. Inú tèmi bàjẹ́. Ẹ jókòó, ẹ̀yin ọmọ, kí n sọ ìdí rẹ̀ fún yín.

Èbúté Mẹ́ta ni wọ́n bí mi sí, nínú ilé kan tí yàrá ti kọjú síra yí àgbàlá ká. Yàrá Ìyá Rìsí ló kọjú sí tiwa. Rìsí lọ̀rẹ́ mi. Inú báàfù kan la ti ń wẹ̀, débi pé èmi ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì máa ń bá a gba ààwẹ̀ títí dọ̀sán, kí ebi tó là mí lóye. Màámi àti ìyá rẹ̀ kì í ya ara wọn; bí ẹnì kan bá se ọbẹ̀, ẹnì kejì ló ń bá a tọ́ iyọ̀ wò.

Lọ́dún kan, alápàńdẹ̀dẹ̀ wá kọ́lé sókè ẹnu ọ̀nà Ìyá Rìsí, lábẹ́ páànù ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí ẹ ò bá mọ ẹyẹ yẹn, kò tóbi rárá. Ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, ó ń dán bí aṣọ aró tuntun, ọ̀fun rẹ̀ pọ́n, ìrù rẹ̀ là sí méjì. Ojú òfurufú ló ti ń jẹun: ẹ̀fọn, eṣinṣin, ohunkóhun tó bá ṣáà ń fò kọjá. Ẹnu ló fi ń bu ẹrẹ̀ létí gọ́tà, á fi itọ́ pò ó, á máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri díẹ̀díẹ̀ títí ilé yóò fi dúró. Bó bá ń kọrin, bí ọmọdé tó ń rojọ́ láìsinmi ni.

Àwọn ará ilé ní ibi tó bá kọ́lé sí, ire ń bọ̀ níbẹ̀. Láti orí Rìsí, ìyá rẹ̀ ò tíì bímọ mìíràn. Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n lóyún, wọ́n sì bí Kàmọ́rù. Ayọ̀ pọ̀ fún wọn, wọ́n ní àfi kí àwọn ṣe ibẹ̀ lẹ́wà fún ẹyẹ náà. Wọ́n pe pẹ́ńtà, ó fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé tó ń dán kun ògiri. Òpònú yẹn ha ìtẹ́ ẹyẹ dànù, ó ní ìdọ̀tí ni.

Nígbà tí òjò tún dé, ẹyẹ náà padà wá. Ó lẹ ẹrẹ̀ mọ́ ọ̀dà, ẹrẹ̀ yọ̀, ó já bọ́. Ó tún lẹ̀ ẹ́, ó tún já bọ́. Ló bá kọjá sí ògiri tiwa tí ẹfun rẹ̀ ti ń ṣí, ó kọ́lé rẹ̀ síbẹ̀. Mo rí gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló ń bi ọmọdé léèrè?

Kò pẹ́ sígbà náà ni ara Kàmọ́rù gbóná. Ìyá Rìsí bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nídìí ẹ̀rọ omi pé ẹnì kan ti fa ire àwọn lọ. Ọjọ́ tí ọmọ náà kọ ọmú, màámi mú igi gígùn kan, wọ́n wó ìtẹ́ náà lójú gbogbo ilé, tòun tàwọn ọmọ ẹyẹ tí kò tíì níyẹ̀ẹ́.

"Ìyá Rìsí, ẹ wò ó, mi ò fẹ́ ẹ. Kí ọmọ yín ṣáà yè."

Kàmọ́rù kú. Ìyá Rìsí ní, "Ó ti lò ó tán, ló ṣe wó o." Wọ́n kó lọ sí Mushin, Rìsí ò sì bojú wẹ̀yìn.

Ilé yẹn ti di ilé alájà báyìí, kò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbẹ̀ mọ́. Àwọn alápàńdẹ̀dẹ̀ ti bá tiwọn lọ sábẹ́ afárá Ìjora, wọ́n ṣì ń bu ẹrẹ̀. Ìyá méjèèjì kú láìbá ara wọn sọ̀rọ̀.

Láìpẹ́ yìí ni mo pàdé Rìsí lọ́jà Yábà. Ó ń pè mí ní "ẹ" bí àlejò. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ọ̀dà náà fún un, bí ẹrẹ̀ ṣe ń yọ̀ tó ń já bọ́.

Ó ní, "Màámi mọ̀, jàre. Ìṣojú wọn ni. Àmọ́ tí wọ́n bá gbà pé ọ̀dà ni, á jẹ́ pé àwọn fúnra wọn ló lé ire ọmọ wọn lọ nìyẹn. Ó sàn kó jẹ́ màmá yín."

Ó gba ọwọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó wọ àárín èrò lọ. Ìyá Rìsí mọ̀, ó sì jẹ́ kí màámi ru ẹ̀bi yẹn wọ sàréè.